Ojú Oórì Abẹ́ Títì

Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, tí ẹ rí ilé tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí kò sán, ẹ bèèrè ẹni tó kọ́ ọ. Èmi ni. Mi ò kàwé. Ọdún díẹ̀ ni mo fi jókòó níwájú tíṣà tó ń fi ẹgba kọ́ wa ní Faransé. Ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé tó lè ta okùn ògiri kó tọ́ bíi tèmi. Nítorí náà, nígbà tí omi wó ilé bàbá mi, mo ní kí ló dé, màá kọ́ òmíràn.

Ìgbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ni, tí rédíò ń pariwo ìyípadà láti àárọ̀ dalẹ́. Ilé alámọ̀ ni tiwa, nísàlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà. Inú yàrá iwájú la sin bàbá mi sí, bí a ṣe ń sin àgbà. Ní àràárọ̀, kí ìyá mi tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀ lójú oórì náà, á ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá ọmọ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Lẹ́yìn ìyẹn, á gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí agboolé kejì, á kí wọn, á tún gba ibẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ìkíni ló fi ń mọ̀nà. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ nígbà náà. Ó mọ oríkì gbogbo ọmọ àdúgbò, ó sì mọ èyí tó jẹun tí kò dúpẹ́.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀ títí ọ̀sà fi wọlé wá bá wa. Ògiri amọ̀ mu omi, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó wó. Ọkọ̀ apẹja la fi gbé ìyá mi jáde. Ẹ̀yìn ló ń wò.

"Ẹ ò mà gbé bàbá yín!" ló ń kígbe.

Nígbà tí omi fà, délégéè, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa, dé tòun ti okùn àti èèkàn. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Títì tààrà àti ojú àgbàrá ni wọ́n máa là gba ibẹ̀.

"Bàbá mi tó wà nílẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kámárádì," ó pè mí, bí àwọn ológun ṣe ní ká máa pe ara wa, "òkú kì í bá alààyè du títì."

"Ìwọ náà á ṣáà kú."

Ó rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, títì náà dára. Omi ò wọ ibẹ̀ mọ́.

Wọ́n fún wa nílẹ̀ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi. Mo kọ́ ilé sìmẹ́ńtì tí àwọn tó ń kọjá ń dúró wò. Kí kátákátá tí wọ́n fi ń la títì tó dé sí ilé àtijọ́, mo ti yọ pèpéle sìmẹ́ńtì tó wà lórí oórì bàbá mi, èyí tí mo fọwọ́ ara mi dán. Mo gbé e wá sí yàrá iwájú tuntun. Ìyá mi wò ó.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Bàbá ni, Màámi."

"Irọ́ lo pa. O dé ìkòkò, kò sọ́bẹ̀ nínú ẹ̀."

Láti ìgbà náà ló ti ń bèèrè ìgbà tí a máa lọ sílé. Bó bá jáde láti kí èèyàn, ògiri ló ń bá pàdé, ògiri tí èmi fúnra mi kọ́. Ó gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Ó gbàgbé orúkọ ìyàwó mi. Dókítà ní ọjọ́ orí ni.

"Ọjọ́ orí nìkan kọ́," ìyàwó mi sọ fún mi. "Ibi tó ń fọwọ́ dì mú ni ẹ ò jẹ́ kó rí mọ́."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Àárín títì tuntun la ti ń bá a, tó tẹjú mọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Sèmè ń fun fèrè lé e lórí.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" awakọ̀ á pariwo.

"Ẹ rọra. Ẹnìkan ń sùn."

Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan ò ní rọra. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo sáré lọ mú un. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ sáàárín títì. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá ọmọ mi. Ṣé omi ti gbẹ níbẹ̀?"

Ọkọ̀ ń bọ̀ lókèèrè. Mo na ọwọ́ sí i.

"Ó ti gbẹ," ni mo wí. "Mo ti kó lọ sílé tuntun. Dìde, ká máa lọ."

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe tèmi.

Ó di ọwọ́ mi mú. Kò padà sí títì mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló ń kúnlẹ̀ sí, ó ń bèèrè bí mo ṣe sùn. Nígbà mìíràn, á mi orí.

"Ọmọ yín tó máa ń fọ́nnu yẹn, kò tiẹ̀ wá kí wa mọ́."

"Ó ń kọ́lé," ni mo máa ń dá a lóhùn.