Omi Ni Sẹ́nami Béèrè

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi lónìí. Mo dúpẹ́ pé eékún mi ṣì gbà fún mi láti kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídìde ló ń di wàhálà. Mo dúpẹ́ pé awò ojú mi tí ọmọ-ọmọ mi jókòó lé lánàá kò fọ́. Ẹni tó bá dàgbà tó mi á mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà ní èbúté Ajido, mò ń dúró de ọkọ̀. Ìyá kan tó ń to ẹja sínú agbọ̀n rí i pé ọmọ òun ti ń sáré nínú oòrùn jù, ló bá ké sí i ní èdè Ègùn: "Wá nù sin!" Ó ní kó wá mu omi. Sin ni àwọn Ègùn ń pe omi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí báyìí, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ọmọdébìnrin kan tó dúró tì mí wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyí.

Ọmọ Àwórì láti ìhà Ọ̀jọ́ ni àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ajido ni mo ti dàgbà. Ìyá Àgbà là ń pè é. Ilé wa ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀sà sì wà níwájú wa bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Orí èèpo àgbọn ni wọ́n ti ń yan ẹja ní gbogbo agboolé, èéfín rẹ̀ sì máa ń wọ inú aṣọ gbogbo, títí kan aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Bí a bá ti kúnlẹ̀ àdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ológbò á yọjú lẹ́nu ọ̀nà láti wo ibi tí ẹja wà.

Sẹ́nami lọ̀rẹ́ mi. Òdìkejì ọwọ́ ọ̀sà tóóró kan ni ilé wọn wà, ọkọ̀ ló sì ń gbé e wá sílé ìwé. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ló fún mi, òun nìkan sì ni Ọlọ́run fún ìyá rẹ̀. Mo ń kọ́ ọ ní Yorùbá, ó ń kọ́ mi ní Ègùn, a sì jọ ń bú ara wa.

"Yorùbá rẹ yìí, bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń ké ni."

"Ègùn tìrẹ ńkọ́? Àfi bí ẹni tó fi ẹja gbígbóná sẹ́nu!"

Ọdún yẹn ni wọ́n gbé Tíṣà tuntun wá fún wa. Òun ló ń kọ́ wa nílé ìwé, òun náà ló ń darí ìsìn. Ará òkè ni, láti ibi tí wọn kì í ti í rí omi ju odò tí ọmọdé lè fò kọjá lọ. Bó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, á di etí ọkọ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, á sì pa ojú dé. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Ègùn kan. Ó fún èmi àti Sẹ́nami ní ẹsẹ̀ Bíbélì kan láti há sórí fún Ìkórè, èyí tó ní ká máa fi ayọ̀ sin Olúwa. Gbogbo ìgbà tí a bá dé ibẹ̀ ni Sẹ́nami máa ń sọ sí mi létí pé, "Ẹ da omi lé Olúwa lórí." A ó bú sẹ́rìn-ín, Tíṣà á sì ní ká kúnlẹ̀ ká gbọ́wọ́ sókè. Kò béèrè rí ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ì bá ti dáa ká ló béèrè.

Lẹ́yìn òjò ńlá kan, ọ̀sà kún, ó wọ inú kànga. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àrùn onígbáméjì dé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ rẹ̀. "Àlejò" ni àwọn àgbà ń pè é. Bí wọ́n bá ní àlejò ti wọ ilé báyìí, èmi máa ń rò ó lọ́kàn mi bóyá wọ́n ti se oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò náà kó èèyàn mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní agboolé kan, ó yé mi.

Ìjọba fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì gbé nọ́ọ̀sì kan wá láti Àgbádárìgì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ ló tóbi. Ó ní ká máa se omi ká tó mu ún, ká má pé jọ mọ́. Wọ́n ti ilé ìwé. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú.

Ìyá Àgbà ní, "Wọ́n ti ilé Ọlọ́run? Ta ló wá ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀?"

Tíṣà ló rí ọgbọ́n dá sí i. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í ṣe nǹkan méjì ju irin táyà mọ́tò kan tí wọ́n so rọ̀ sára igi. Ó ní láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun á máa lu agogo náà ní kíákíá, kí ilé kọ̀ọ̀kan jáde sẹ́nu ọ̀nà tiwọn, ká sì jọ kọ orin kan náà. Bí a bá gbọ́ tó ń lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dúró kó tó tún lù, ká mọ̀ pé ẹnì kan ti kú, kí olúkúlùkù gbàdúrà níbi tó wà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ará etí omi á ti parí ẹsẹ kejì kí àwọn ará oko àgbọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan á kọ ọ́ ní Ègùn, àwọn kan ní Yorùbá. Ìyá Àgbà mi, tí ohùn rẹ̀ nípọn ju ti ọkùnrin lọ, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. "Àmín" máa ń tó ìgbà mẹ́fà kó tó tán. Bàbá Lèmọ́mù tó ń gbé lẹ́yìn wa á sì fi tirẹ̀ kádìí ẹ̀ tayọ̀tayọ̀: "Àmín o!" Ẹ̀rù wà nílùú, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n bí orin yẹn bá ti ń gba orí omi lọ, tó ń gba orí omi bọ̀, ara wa á fúyẹ́. A ó mọ̀ pé a ṣì pọ̀.

Ohùn Sẹ́nami ni mo máa ń dẹtí sí láti òdìkejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, n kò gbọ́ ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò gbọ́ ti ìyá rẹ̀ pàápàá.

Àlejò ti wọ ilé wọn.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó bá ń bì kò gbọ́dọ̀ mu omi, wọ́n ní omi ló ń mú un bì. Nọ́ọ̀sì bá wọn jà lórí èyí títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tí wọ́n ti sè, ó ní kí ìyá Sẹ́nami máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rẹ̀ jù, ó pa eyín pọ̀, omi ń ṣàn sí i lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ má sinmi. Ọjọ́ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè omi, ọ̀nà ìyè ló ti gbà yẹn. Ẹ ké sí Tíṣà lódìkejì kó wá pè mí."

Wọn ò jẹ́ kí n lọ síbẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé bí Sẹ́nami bá yè, n kò ní fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láyé mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, oòrùn mú, gbogbo èèyàn wà nínú ilé. Tíṣà nìkan ló dúró sábẹ́ igi agogo. Àfi bí ìyá Sẹ́nami ṣe já jáde lódìkejì, tí ìró ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, tó ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Ayọ̀ ti gba gbogbo Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ké pé, "Tíṣà! Sẹ́nami! Sin! Sin!"

Àwọn Ègùn máa ń fa ohùn ọ̀rọ̀ náà wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ìyẹn láàárín atẹ́gùn ọ̀sà? Ohun tí Tíṣà gbọ́ ni pé kí wọ́n wá sin Sẹ́nami. Ó ká ọwọ́ lérí, ó di agogo mú, ó ń lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbàǹgàn. Ó dúró. Gbàǹgàn.

Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn, n kò lè sunkún. Mo gbọ́ tí Tíṣà ń ké orúkọ Sẹ́nami. Ìyá Àgbà tó ti ń dè mí mọ́lé láti ọjọ́ yìí gbàgbé òfin gbogbo, ó fà mí lọ́wọ́, a wọ ọkọ̀. Gbogbo ìlú wọ ọkọ̀. Tíṣà náà wọ ọkọ̀, kò sì rántí di etí ọkọ̀ mú. Bàbá káfíńtà tó ń kan pósí nílùú mú téèpù ìwọnpákó dání. Nọ́ọ̀sì ń sáré tẹ̀lé wa létí omi, ó ń pariwo pé ká padà, ká padà, àlejò kò tíì lọ!

A fi igbe wọ agboolé náà. Sẹ́nami fẹ̀yìn ti ògiri, ó rù bí igi ìdáná, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife sẹ́nu. Ó gbé ife náà kúrò, ó wò wá yí ká.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Bàbá káfíńtà fi téèpù pa mọ́ sẹ́yìn.

Ìyá Sẹ́nami yọ sí Tíṣà. "Ẹ̀yin lẹ lu agogo òkú fún ọmọ mi?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká wá sin ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sin! Na mi sin ló wí, ó ní kí n fún òun lómi! Omi ni!"

"Omi? Ta ló wá sọ omi ní sin?"

"Ta ló sọ sin ní nǹkan mìíràn?"

 Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá náà nínú eruku, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Kí a tó mọ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo agboolé. Nọ́ọ̀sì tó wọ ọkọ̀ tẹ̀lé wa wá bá wa jà náà di ògiri mú, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè bínú. Nígbà tó rí ohùn rẹ̀, ó lé wa padà sínú ọkọ̀ bí adìyẹ. Tíṣà dé ìdí agogo, ó lù ú ní kíákíá, ó lù ú bí ẹni pé ó fẹ́ fa igi náà tu. Orin gba ojú omi. N kò kọ tèmi, mo dẹtí. Nígbà tó yá mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan láti òdìkejì, tó ń ṣì ọ̀rọ̀ Yorùbá pe. N kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló rẹ́rìn-ín lọ́dún yẹn. Agogo òkú tún lù lẹ́ẹ̀mejì fún òkú gidi, a sì sunkún wọn. Ṣùgbọ́n àrùn náà lọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà sì di ọmọ ilé ìwé Sẹ́nami nínú èdè Ègùn. Ní ti májẹ̀mú mi, kò pé ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbà pé Ọlọ́run ti dárí jì mí.

Ẹ̀rọ omi wà ní Ajido báyìí, àwọn ọmọdé ò sì mọ̀ pé irin táyà la fi ṣe agogo rí. Ìyá Àgbà ti lọ, Tíṣà ti lọ. Sẹ́nami ń gbé ní Sẹ̀mẹ̀, ó ti ní ọmọ-ọmọ méje. Nígbà tí àrùn kárí ayé dé lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n tún ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù ba àwọn ọmọ mi pé ìgbàgbọ́ yóò kú. Mo ní rárá, Ọlọ́run tó gbọ́ "Àmín" ìgbà mẹ́fà yóò gbọ́ ti orí fóònù.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ìlú ló ti ń sunkún Sẹ́nami, nígbà tí Sẹ́nami jókòó sílẹ̀ tó ń mu omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohunkóhun tí ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nínú ara yín tàbí nínú ilé yín, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ débẹ̀ kí ẹ bá a láàyè. Kó jókòó, kó gbé ojú sókè wò yín, kó sì béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ló kú.