Àtíbàbà Àwọn Abiyamọ

Nígbà tí mo kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń tẹ̀ lé lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta mábù ní Ìgbẹ́tì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbà mí gbọ́, àmọ́ ibẹ̀ tuni lára nígbà náà. Ọ̀gá àgbà kọ́ àtíbàbà kan sábẹ́ igi máńgòrò fún àwọn abiyamọ, ó sì gba ìyá àgbà kan síṣẹ́ pé kí ó máa mójú tó àwọn ọmọ. Bí ọmọ bá ké, ìyá rẹ̀ á gbé òòlù sílẹ̀, á lọ fún un lọ́yàn. Kò sẹ́ni tó máa wí nǹkan kan.

Mo dàgbà, èmi náà gba iṣẹ́ níbẹ̀, mo sì tọ́ àwọn ọmọ mi lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Nígbà tó yá, ọ̀gá kú. Àwọn tó gba ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ wó àtíbàbà, wọ́n ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò máa dúró sí. Wọ́n wá fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe alábòójútó wa. Ọmọ ọ̀kan nínú wa ni, abẹ́ àtíbàbà yẹn ló ti kọ́ ìrìn. Inú wa dùn, a ní ọmọ wa dé. Ọmọ wa yìí ló sọ wá di ọ̀tá ara wa. Ẹni tó bá lọ fẹjọ́ ẹnì kejì rẹ̀ sùn ún ni yóò ṣiṣẹ́ níbi tí ìbòji wà.

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ìyàwó kékeré kan, ọmọ Ṣakí tó lọ́kọ sílùú wa, gbé ọmọ rẹ̀ wá, torí kò rẹ́ni bá a gbé e. Ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn òkìtì òkúta, níbi tí oòrùn kò dé. Ọ̀kan nínú wa lọ sọ. Alábòójútó dé, ó gbé ọmọ náà lọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fún un lọ́yàn.”

“Bí o bá jáde, má padà wá.”

Mo dá sí i. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo ń bọ́ ọ lẹ́kọ nígbà tí o ń rákòrò!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ìyá mi ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lè máa lọ.”

Ìyàwó náà padà sídìí òkúta. Ó ń fọ́ ọ, à ń gbọ́ igbe ọmọ, wàrà ń rin bùbá rẹ̀. Nígbà tí igbe náà dáwọ́ dúró, ó ju òòlù nù, ó sáré. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ ti gbé ọmọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, ó ń ṣí géètì fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ara ọmọ gbóná bí ẹyin iná. A gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ká tó dé ọsibítù, ó ti dákẹ́.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó ti ilé-iṣẹ́ wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abiyamọ mìíràn ti wà nídìí òkúta tí ìyàwó náà ń fọ́.

Ayé ìyá mi kọ́ nìyí. Láyé tiwọn, bí ọmọ ẹnì kan bá ké, gbogbo obìnrin ló máa gbórí sókè. Lónìí, bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ ó rí àwọn obìnrin tó dorí kodò, tí wọn kì í kí ara wọn. Bí mo bá sì pàdé ìyàwó ọjọ́sí lọ́nà ọjà, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: “Màmá, ta ló lọ sọ?”

Mo mọ onítọ̀hún. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A jọ ń kírun ni.