Ọ̀já Tí Wọ́n Tú Lápá Ìyá Yétúndé

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Mojọlá, ìyá Yétúndé, kú ní Òkàkà. Àwọn kan ń sọ pé ọgbẹ́ apá ló pa á. Ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi Isaac Mákindé, tíṣà àti akọ̀wé ìjọ wa, mo mọ ohun tó pa á, mo sì mọ orúkọ àwọn tó lọ́wọ́ sí i. Orúkọ tèmi wà níbẹ̀.

A kò tilẹ̀ sin ín sí ilẹ̀ ìjọ. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, kò sí agogo, kò sí orin. Obìnrin tó ti ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run láti ìgbà tí koríko ṣì ni òrùlé ibẹ̀! Ṣé bí a ṣe ń san oore nìyẹn?

Ta ni kò mọ òwú Ìyá Yétúndé? Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn a máa ránṣẹ́ pé tirẹ̀ ni àwọn fẹ́, nítorí kì í já. Bí mo bá kí i kú iṣẹ́, á ní, "Iṣẹ́ wo, Tíṣà? Ìka mi ló ń ṣeré."

Lọ́dún 1912 ni jẹjẹrẹ mú un lọ́mú ọ̀tún. Ìjọ yìí kan náà ló fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sí ilé. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n gé àwọn kókó abíyá pẹ̀lú. Ó yè, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó wú títí ìka kò fi lè ká mọ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n máa wọ́ apá náà jẹ́jẹ́, láti ìka lọ sí èjìká, kí omi tó dúró síbẹ̀ lè rìn. Kí ó máa na apá sókè, kí ó máa di ẹ̀ṣẹ́ kí ó sì máa tú u. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀já wé e, kí ó le nísàlẹ̀, kí ó dẹ̀ lókè. Wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé abẹ kò gbọdọ̀ kan apá náà láéláé.

Ọdẹ́tọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọdẹ tó tún ń hunṣọ, kò gba ẹ̀sìn tiwa. Òun ló jókòó sídìí òfì, tó hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ náà, láti inú òwú tí àbúrò rẹ̀ ran kó tó ṣàìsàn. Dúróríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń fi òrí wọ́ apá náà. Mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọkọ mi, ṣé kò dùn yín?"

"Kò dùn mí, ìyàwó mi. Ṣáà máa ti omi náà lọ sílé rẹ̀."

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, Ìyá Yétúndé tún ń ranwú.

Àfi lọ́jọ́ oúnjẹ alẹ́ Olúwa tí apá bùbá rẹ̀ ká sókè, tí Bàbá Jẹ́ẹ́dé, olórí àwọn àgbà ìjọ, rí ọ̀já. "Òǹdè!" Ó ní oògùn ni, ilé ọdẹ ló ti wá, kí ni a tún ń wá? Wọ́n pe Ìyá Yétúndé jókòó síwájú àgbà méje.

"Bàbá, ìtọ́jú ni. Àwọn òyìnbó ló kọ́ mi. Mo fún yín níwèé wọn lọ́jọ́ tí mo dé."

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìwé kankan. Tú u, tàbí kí o jáde nínú ìjọ."

Ó wò mí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, torí ojú mi ló ṣe nígbà tó fún Bàbá Jẹ́ẹ́dé níwèé náà. Mo tẹjú mọ́ ohun tí mò ń kọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méje ló wà lọ́jà tiwa. Ọwọ́ òsì àti eyín ni obìnrin náà fi tú ọ̀já ara rẹ̀.

Wọ́n ní Dúróríkẹ́ náà kò gbọdọ̀ wọ́ ọ mọ́. Kí oṣù tó kú, apá ti wú ju ti àkọ́kọ́ lọ, awọ ń dán. Ni Bàbá Jẹ́ẹ́dé bá ní kí a la á, kí omi jáde. Ẹ gbà mí o! Ọ̀já kò yẹ Onígbàgbọ́, abẹ ló yẹ ẹ́! Wọ́n la á. Ibà dá a dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sá lọ, kí Dúróríkẹ́ lè bá a wọ́ ọ. Ibẹ̀ ló kú sí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ní òkú ilé abọ̀rìṣà ni, kò bá ilẹ̀ ìjọ mu.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣí àpótí ìjọ láti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn òkú. Ọ̀já tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Mo gbé e. Ìwé ilé ìwòsàn ló wà lábẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò tíì ṣí. Mo ya á, mo kà á. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́: "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ọ̀já yìí. Ẹ má jẹ́ kí abẹ kan apá yìí."

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí Bàbá Jẹ́ẹ́dé dìde ka ìwé náà sókè, kí Ọdẹ́tọ́lá jókòó níwájú kó gbọ́. Kí ó sọ ìdí tí kò fi ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pè mí jáde, kí n sọ ìdí tí mo fi panu mọ́.

Mo gbé ọ̀já náà lọ fún Yétúndé, ọmọ rẹ̀, mo sì ka ìwé náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Tíṣà, ṣé wọn ò mọ̀wé kà ni?"

Ẹ̀yin ni kí ẹ wá dá a lóhùn.