Orúkọ Tó Wà ní Igun Àwòrán

Àwọn ará ìjọ wa kì í yé bi mí léèrè pé kí ló kan ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé Lucan, ní Dublin, pẹ̀lú òpópónà Ítálì. Wọ́n á wo àwọn àwòrán mi lára ògiri pálọ̀, wọ́n á rí pátákó orúkọ òpópónà Nápólì, wọ́n á rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn láàárín ilé méjì, wọ́n á wá ní, "Sísítà, ṣé ẹ ò lè ya Jésù fún wa ni?" Mo máa ń ní Jésù wà níbẹ̀, kí wọ́n wò ó dáadáa. Òótọ́ sì ni. Kò sí kọ̀rọ̀ kan ní Nápólì tí wọn ò ti gbé ère Màríà àti ọmọ rẹ̀ sínú ihò ara ògiri, pẹ̀lú gílóòbù kékeré kan tó ń tàn tọ̀sán-tòru. Mi ò lè ya ògiri wọn kí n yọ ìyẹn kúrò.

Ọdún méje ni mo lò níbẹ̀ kí n tó wá sí Dublin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò gbọ́ èdè wọn rárá. Ara ògiri ló kọ́ mi. Mábù funfun ni wọ́n fi ń ṣe pátákó orúkọ òpópónà, wọ́n á gbẹ́ lẹ́tà sí i, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kún ojú ibi tí wọ́n gbẹ́. Níbi tí òjò ti fọ ọ̀dà náà lọ, èèyàn ṣì lè fi ìka tọ lẹ́tà náà, èmi náà sì ń fi ìka tọ̀ wọ́n bí mo ṣe ń kọjá. Mo mọ pátákó róbótó aláwọ̀ búlúù tí ìlà pupa dábùú rẹ̀, tó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò síbẹ̀, tí àwọn kan á sì lẹ fọ́tò agbábọ́ọ̀lù mọ́ lójú bí ẹni pé òun ló ni àdúgbò. Mo mọ pósítà òkú tí wọ́n ń lẹ káàkiri, tí ìlà dúdú yí ká, orúkọ olóògbé gàdàgbà láàárín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyẹn ni ara tù mí díẹ̀. Mo ní, àṣé wọ́n ń ṣe bíi tiwa.

Màmá arúgbó kan tó ní ilé búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ ilé tí mo ń gbé ló kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́ lójú àjò. Pátákó rẹ̀ ti ṣá. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé mo lè tún un kọ, kò gbà mí gbọ́, àmọ́ ó gbé àga wá. Nígbà tí mo parí, mo ti fi òjìji pupa sẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń ṣe ní Ìbàdàn, kí orúkọ lè yọ síta bí ẹni tó fẹ́ kí ọ. Màmá náà jáde, ó wò ó títí, ó sì fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ya ohun tí mò ń yà títí di òní: òpópónà Ítálì, lẹ́tà Ìbàdàn.

Lẹ́tà Ìbàdàn náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe. Ọkùnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá sọ ọ́, wàá rántí. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn a sì máa bi í pé kí ló fẹ́ fi obìnrin orí àkàbà ṣe. Á ní, "Lẹ́tà ò mọ akọ, kò mọ abo." Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì pa okùn, kí èèyàn méjì fà á le, kí a ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ìlà tó gún régé jáde. Òun ló kọ́ mi kí n gbé ọrùn ọwọ́ lé ọ̀pá kó má baà gbọ̀n. Ó máa ń sọ pé àyè tó wà láàárín lẹ́tà méjì ṣe pàtàkì ju lẹ́tà lọ, pé ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ.

Tí a bá parí pátákó, igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ló máa ń kù. Ibẹ̀ ni à ń kọ orúkọ ọ̀gá sí, wínníwínní. Ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló dá kọ pátákó náà láti òkè dé ilẹ̀, orúkọ ọ̀gá ló máa kọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá ṣe fírídọ́ọ̀mù, tí ọ̀gá gbàdúrà fún ọ níṣojú àwọn ẹbí rẹ, tó fi búrọ́ọ̀ṣì lé ọ lọ́wọ́, ọjọ́ náà lo tó lè kọ orúkọ tìrẹ. Bó ṣe rí nìyẹn, a ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí.

Èmi ò ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ó ku oṣù mẹ́ta kó pé nígbà tí ọ̀nà Ítálì là. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń mú mi lọ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ìrìn àjò kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo fọ gbogbo búrọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀, mo kí ọ̀gá pé ó dàárọ̀ bí mo ṣe máa ń kí i, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Mi ò padà lọ. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, gbogbo àwòrán tí mo sì ti yà láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ni mò ń kọ sí igun wọn. Lójú tèmi, tí mo bá kọ tèmi síbẹ̀, mo tún jalè lé irọ́ lórí.

Ní Dublin, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbà kí n gbé àwòrán kan kọ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń yáàrùn, nígbà tí oòrùn bá rántí wa. Obìnrin kan tó máa ń wá kí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ rí i. Ó ní ilé ìpàtẹ àwòrán kékeré kan lẹ́yìn Moore Street, kò jìnnà síbi tí mo ti ń ra iṣu. Ó bi mí bóyá mo ní òmíràn, mo ní mo ní méjìlá. Ó ní, "Grand," ìyẹn ni pé ó dáa, bí ẹni tí mo sọ fún pé ata méjìlá ló kù nílé.

Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ṣètò, "love" ló ń pè mí, bí àwọn obìnrin àgbà Dublin ṣe máa ń pe gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ orúkọ ò sì jẹyọ. Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìpàtẹ, tí mo lọ wo bí wọ́n á ṣe gbé àwòrán kọ́. Ó mú àpẹẹrẹ káàdì tó fẹ́ fi pe àwọn èèyàn jáde, pẹ̀lú ìdùnnú, mo sì rí orúkọ ọ̀gá mi lórí rẹ̀, gàdàgbà. Ó ti rí i ní igun àwòrán méjèèjìlá, ó rò pé orúkọ mi ni.

Mo ní kì í ṣe èmi nìyẹn, ọ̀gá mi ni. Ó ní, ṣé ọ̀gá mi ló yà wọ́n? Mo ní rárá, èmi ni. Ó wò mí bí a ṣe ń wo arúgbó tó gbàgbé pé òun ti jẹun. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi ṣàlàyé fún mi pé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa tẹ káàdì, pé kí n kọ orúkọ mi sára àwòrán kí n sì fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí òun, torí òun ò lè pàtẹ iṣẹ́ tí òun ò mọ ẹni tó ni ín. Ó wá gbá mi mọ́ra. Mo kó àwòrán méjèèjìlá padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo po ọ̀dà tó bá àwọ̀ ògiri inú àwòrán mu láti fi bo orúkọ ọ̀gá, mo jókòó síwájú àwòrán ilé búrẹ́dì, ọwọ́ mi ò gbéra. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú abọ́ kọnfíléèsì.

"Ma, you painted it. Just sign the yoke."

"Yoke" ni àwọn ọmọ Dublin ń pe nǹkan. Mo ní, "Wọn ò tíì dá mi sílẹ̀ ni."

"Who hasn't?"

Ni mo bá sọ ọ́ fún un, ohun tí mi ò sọ fún bàbá rẹ̀ rí: Mọ́kọ́lá, okùn ṣọ́ọ̀kì, ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "So you ghosted him." Mo bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní kí èèyàn kàn pòórá mọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lójú láì sọ nǹkan kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ó dùn mí dọ́kàn bó ṣe jẹ́ pé ọmọdé ti ní ọ̀rọ̀ fún un.

Nọ́ńbà ọ̀gá ti wà lórí fóònù mi fún ọdún mẹ́fà. Ẹnì kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ló fún mi. Pásítọ̀ wa á ní kò sí èpè tó lè mú ọmọ Ọlọ́run. Kì í ṣe èpè ni mò ń bẹ̀rù. Ojú ló ń tì mí, mo sì ń bẹ̀rù pé ó lè ní òun ò mọ̀ mí.

Ọmọ mi na ọwọ́. "Will I ring him for you?"

Fídíò ló fi pè é. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ọ̀gá tó gbé e. Iwájú orí ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àjà ilé, kí ojú tó wá yọ. Irun rẹ̀ ti funfun báláú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ọmọ iṣẹ́ yín, èyí obìnrin."

Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú.

"O fọ búrọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́ jù," ó ní. "Bí mo ṣe rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti mọ̀ pé o ti lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú sí mi."

"Mo bínú. Mo bínú fún bí ọdún méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá kù kí n máa rò ó bóyá o rí oúnjẹ jẹ."

Ọmọ mi ló gbé fóònù lọ síbi àwòrán, ó ń fi hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá náà: kó mú un sún mọ́ òun, kó sún un sẹ́yìn, lẹ́tà tibí ti sanra jù, tọ̀hún dáa. Ó ní àwọn tó gbẹ́ mábù yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dúró. Kí ni orúkọ mi ń wá níbẹ̀ yẹn?"

Mo ṣàlàyé. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Èmi tí mi ò kọjá Kútọ̀nú rí! Tí òyìnbó bá wá ní kí n júwe ọ̀nà ilé búrẹ́dì yẹn fún òun ńkọ́? Pa á rẹ́, jàre."

"Mi ò lè pa á rẹ́, sà. Ẹ ò tíì dá mi sílẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ò kọ pátákó mọ́. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọwọ́ òun náà sì ti ń gbọ̀n. Ó ní, "Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ni mo dá sílẹ̀. Ìwọ nìkan ló kù lọ́rùn mi. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ọmọ mi nìkan ni, sà."

"Ó tó. Kó mú búrọ́ọ̀ṣì."

Ọmọ mi gbé fóònù ti ara ife kan lórí tábìlì, ó sì dúró síwájú mi. Ọ̀gá ní kó máa wí tẹ̀lé òun. Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá kí i ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn bàbá arúgbó, ẹyọ ẹyọ, pẹ̀lú ẹnu Dublin rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ, wàá fi jẹun. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. O kò ní pàdánù ojú tí o fi ń ríran. Níbi tí o bá dé, wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ́ ọ. Mo dá ọ sílẹ̀. Mò ń ṣe àmín, mo sì ń wo ojú ọmọ mi, torí pé kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ pa ìka mi dé lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe ìyẹn.

"Ó yá," ni ọ̀gá wí. "Kọ ọ́ kí n rí i."

Mo fi ọ̀dà bo orúkọ rẹ̀ ní igun àwòrán ilé búrẹ́dì. Ọ̀dà tó ń tètè gbẹ ni. Mo ti kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́, mo ti kọ orúkọ onígbàjámọ̀, mo ti kọ orúkọ àwọn èèyàn tó ti kú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ kọ tèmi síbẹ̀. Ọmọ mi gbé fóònù sún mọ́ ọn.

"Ó wọ́," ni ọ̀gá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tó fi wọ́?"

"Omi ló kún mi lójú, sà."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa àga sún mọ́ fóònù.

"Sunkún tán ná," ó ní, "kí o tó tún un kọ. Mi ò lọ síbì kankan."