Àwo Oyin Tí Wolé-wolé Gbàgbé

Ọdún márùndínlógójì ni Ògúndélé fi ṣe wolé-wolé ní Iléṣà, kò sì sí ilé kan tí ó wọ̀ tí wọ́n fi tọkàntọkàn kí i káàbọ̀. Bí ó bá ti yọ ní ìkóríta nínú kakí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé lábíyá, àwọn ìyàwó ilé á ti máa sáré da omi ìkòkò nù, àwọn kan á máa gbálẹ̀ tí wọn kò gbá láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí kò bá sì rí nǹkan kan ṣe á ti ilẹ̀kùn, á dákẹ́ sínú yàrá bí ẹni tí kò sí nílé. Ògúndélé mọ gbogbo ọgbọ́n wọn. Á dúró títí, á ṣí ìdérí ìkòkò, á nawọ́ sí tanwíjí tí ń jó nínú omi, á sì kọ ìwé kóòtù fún onílé.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ìwé kóòtù fún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, Àgbékẹ́. Àgbékẹ́ yìí náà ni ó kiri aṣọ títí ó fi rán an lọ sí ilé ìwé tí ó ti kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé ọ̀hún o! Ògúndélé da ìkòkò omi rẹ̀ nù lójú gbogbo àdúgbò, ó ní òfin kò mọ ìyekan. Àgbékẹ́ kò bá a jà. Ó lọ sí kóòtù, ó san owó ìtanràn, ó padà sílé. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni kò ti pe orúkọ àbúrò rẹ̀ mọ́. "Wolé-wolé" ni ó ń pè é, lójú ìyàwó rẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn pàápàá. Ó lé ní ogójì ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ògúndélé fẹ̀yìntì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, ọmọ rẹ̀ Akínkúnmi mú un wá sí ilé rẹ̀ ní Dàda Estate, ní Òṣogbo. Ilé náà tura, oúnjẹ kò wọ́n ọn, ṣùgbọ́n wolé-wolé tí kò nílé tí yóò wò mọ́ dà bí alágbẹ̀dẹ tí kò níná. Kò sí ẹni tí ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò kàn ń kí i, wọ́n ń kọjá lọ.

Àfi bí Kòrónà ṣe dé. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, inú bàbá yìí dùn díẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú o. Ohun tí ó dùn mọ́ ọn ni pé gbogbo ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí òun ti ń sọ láti ìgbà èwe òun: ẹ fọwọ́ yín. Ìjọba ní kónílé-gbélé, Ògúndélé gbé kẹ́ẹ̀gì omi ẹlẹ́rọ sẹ́nu géètì, ó gbé ọṣẹ tì í, ó sì gbé àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ.

Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà ní, "Bàbá, ta lẹ mọ̀ tó ní in? Àrùn àwọn tó ń wọ bàlúù ni. Èmi tí mò ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Fìà, níbo ló ti máa rí mi?" Obìnrin kan ní ìbòmú òun wà nínú báàgì, bí òun bá ti rí ọlọ́pàá, òun á lò ó.

"Ṣé ọlọ́pàá ni àrùn náà fẹ́ mú ni?" ni Ògúndélé kígbe mọ́ ọn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àgbékẹ́ ni ó wá fi tirẹ̀ ṣe àwàdà. Ó pè é lórí fóònù láti Iléṣà, ó ní, "Wolé-wolé, mo gbọ́ pé àrùn rẹ ti dé. Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀ báyìí?"

Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún náà, tí ìjọba ti dẹ okùn òfin kónílé-gbélé díẹ̀, Kifayat, ìyàwó Akínkúnmi, bí ọmọkùnrin. Ta ni yóò wẹ ọmọ bí kò ṣe Àgbékẹ́? Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni nígbà náà, àyà rẹ̀ kò sì dára. Bí òjò bá ti rọ̀, mímí á di iṣẹ́ fún un. Síbẹ̀ ó di ẹrù rẹ̀, ó ní kò sí àrùn tí yóò sọ pé kí òun má wẹ ọmọ ilé àwọn.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ìjọba ní kí àpèjọ má ju ogún ènìyàn lọ, Ògúndélé kọ orúkọ ènìyàn mọ́kàndínlógún sínú ìwé. Ó fi téèpù wọn àárín àga sí àga, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà géérégé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró sẹ́nu géètì tí ó ń da omi sí wọn lọ́wọ́, ẹni tí kò bá fi ọṣẹ dé àárín ìka, ó ní kí ó tún un ṣe. Abdulhameed, ẹ̀gbọ́n Kifayat, tí ó wá ṣojú ẹbí rẹ̀ láti Òkè-Fìà, fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìjanpata. Nígbà tí Àgbékẹ́ rí bí wọ́n ṣe to àga, ó bi wọ́n pé, "Ṣé ìsọmọlórúkọ la wá ṣe ni, àbí ìdánwò?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín nínú ìbòmú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iyọ̀, omi àti oyin wá. Ògúndélé ni àgbà ọkùnrin ilé, òun ni yóò fi wọ́n ṣàdúrà. Ó tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu, ó ní oyin kì í korò, ayé ọmọ yìí kò ní korò, Adéyọrí ni yóò máa jẹ́. Wọ́n ṣe àmín. Ohùn rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀ pé ó dùn. Ó gbé àwo oyin fún Kifayat, Kifayat fi ìka kàn án, ó lá a. Ó kan Akínkúnmi. Ó kan Abdulhameed, ẹni tí ó sọ ìbòmú kalẹ̀, tí ó ti ìka bọ̀ ọ́, tí ó lá a, tí ó tún ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí oyin gidi ni, Ìdó-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti rà á. Ògúndélé gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Àgbékẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yí i ká, ó ń sọ pé, "Ẹ gbé e kiri, kó má ku ẹnì kan o!" Ife omi náà tẹ̀ lé e, ife kan ṣoṣo, ẹnu mọ́kàndínlógún.

Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò tán, kálukú fi ìbòmú rẹ̀ bomú padà, wọ́n jókòó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ara wọn. Ògúndélé wò wọ́n, orí rẹ̀ wú. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà ọ̀hún kò sì mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, fóònù rẹ̀ dún. Abdulhameed ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti ìjẹta ni mi ò ti gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò, ó wà lára mi. Mo ní kí n tètè sọ fún yín ni."

"O ṣeun tó o pè," ni Ògúndélé wí. "Má jáyà. A ò jókòó súnmọ́ra. Èmi ni mo wọn àga."

Abdulhameed ní, "Bàbá, oyin ńkọ́?"

Ògúndélé jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ padà wá sójú rẹ̀: ìka Abdulhameed nínú oyin lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ òun tí ó gba àwo, ìka Àgbékẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ọdún márùndínlógójì tí ó fi dá àwọn ènìyàn lẹ́jọ́ lórí omi ìkòkò, òun náà ni ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrùn fún ẹni tí ó rán òun nílé ìwé.

Ó bá Àgbékẹ́ lẹ́yìnkùlé níbi tí ó ti ń sá aṣọ ọmọ. Ó dúró lókèèrè, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́.

Àgbékẹ́ sá aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sórí okùn tán kí ó tó dáhùn. "Ta ló gbé àwo yẹn fún mi?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Kọ ìwé kóòtù fún ara rẹ." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́, ó kọjú sí yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìnkùlé. "Kí Kifayat máa wẹ ọmọ rẹ̀. Ẹ máa gbé oúnjẹ mi sẹ́nu ọ̀nà. Àrùn rẹ ò tíì dá mi lójú, Wolé-wolé, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ yẹn dán an wò."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Akínkúnmi, Kifayat àti ọmọ wà nínú yàrá tiwọn, Ògúndélé wà ní pálọ̀, ó mú ìwé orúkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn yòókù.

Ohùn wolé-wolé ni ó kọ́kọ́ fi pè wọ́n. Ó ní kí wọ́n má jáde fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, àṣẹ ni. Ẹni àkọ́kọ́ ní àrùn kì í ṣe ìpín òun lórúkọ Jésù, ó gé fóònù. Ẹnì kejì ní, "Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ yín." Ó pe ẹnì kẹta, ìyá kan tí ń ta ẹja, ṣùgbọ́n ohùn àṣẹ ọ̀hún kò jáde mọ́. Ohun tí ó jáde ni, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo wọn àga tí mo sì gbé àwo oyin kan kiri. Mo ti fi ẹ̀gbọ́n mi sínú ewu, mo sì ti fi ẹ̀yin náà sí i. Ẹ bá mi jókòó sílé."

Ìyá ẹlẹ́ja náà ní, "Ẹ̀yin fúnra yín, Bàbá? Ẹ̀yin ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Tó bá ti lè rí bẹ́ẹ̀ fún yín, á jẹ́ pé kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nìyẹn. Mi ò ní lọ sọ́jà."

Ògúndélé padà pe àwọn méjì àkọ́kọ́, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, àwọn ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí pé ó halẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ẹnì kan ṣì lọ síbi ìnáwó ní Ìdó-Ọ̀ṣun lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n rí i. Àwọn yòókù jókòó.

Àmọ́ kí ni ti àwọn yòókù, nígbà tí Àgbékẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn? Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan Ògúndélé á gbé ẹ̀kọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á sún sẹ́yìn, á máa tẹ́tí. Àwọn oníṣẹ́ ìlera wá, wọ́n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí òwú wà lórí rẹ̀ bọ gbogbo ará ilé nímú láti fi yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní kí wọ́n máa retí èsì. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Àgbékẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ògúndélé dúró sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ nínú òjò náà, kò lè wọlé, kò lè lọ. Ó ń gbàdúrà, ó sì ń ka iye ìgbà tí ó wúkọ́.

"Wolé-wolé," ni Àgbékẹ́ wí láti inú yàrá, "lọ bọ́ aṣọ tútù yẹn. Ikọ́ òjò mi ni. Èmi àti ẹ̀ ti jọ mọra kí wọ́n tó bí ọ."

Òótọ́ ni ó sọ. Òjò dá, ikọ́ náà dá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, èsì dé: kò sí lára Àgbékẹ́, kò sí lára ẹnikẹ́ni nínú ilé. Akínkúnmi ni ó ka á sókè láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, Kifayat hó yèè, ó ní alihamudulilahi. Ògúndélé dojú bolẹ̀ ní pálọ̀, ó sunkún bí ọmọdé, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Abdulhameed náà pè ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní ata díndín ilé kejì ti ń ta òun nímú. Síbẹ̀ Ògúndélé bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́rìnlá náà pé, kò sì sí ẹni tí ó jiyàn, Àgbékẹ́ pàápàá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó pé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí. Àgbékẹ́ jáde, ó ti gbẹ díẹ̀, gèlè rẹ̀ sì le lórí. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi kẹ́ẹ̀gì ẹnu géètì, ó fi ọṣẹ fọwọ́, ó fọ ẹ̀yìn ọwọ́, ó fọ àárín ìka, kí ó tó gba Adéyọrí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó gbé e sókè wò, ó ní ó ti tóbi sí i lẹ́yìn òun.

Ògúndélé kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó sáré wá, ó na ọwọ́ méjèèjì, kí ó lè gbé ọmọ, kí ó lè sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà kan náà.

Àgbékẹ́ fi èjìká gbé ọmọ sá fún un.

"Ògúndélé," ni ó wí, "ṣé o ti fọwọ́?"

Ògúndélé dúró gbagidi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. Ó yí padà, ó lọ síbi kẹ́ẹ̀gì, ó tú omi, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an ju bí ọwọ́ méjì ṣe nílò lọ, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

"Fi ọṣẹ dé àárín ìka o," ni Àgbékẹ́ kígbe sí i láti ẹ̀yìn.