Ọdún Tí Òrí Dì Ṣáájú Ọyẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Gamkalley, létí odò Ọya níhìn-ín ní Niamey, ìyá mi kì í bi ènìyàn léèrè ìgbà tó yẹ kí a gbin tòmátì. Òrí ló máa ń bi. Igbá òrí kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà ooru, òrí náà á yọ́ bí omi. Bí òjò bá ti lọ, ìyá mi á máa ki ìka bọ̀ ọ́ láràárọ̀. Ọjọ́ tí ìka bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, a jẹ́ pé ọyẹ́ dé nìyẹn, ká gbé ọkọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, aṣọ ni bàbá mi ń tà. Àjákù aṣọ rẹ̀ ni ìyá mi fi ń tọ́jú irúgbìn: á fún hóró tòmátì tó dára jù lé e lórí, á sá a, á ká a. Irúgbìn orí aṣọ yẹn ni mo jogún, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò jogún ilé.

Láyé ìgbà náà, ọyẹ́ kì í ṣeré. Ètè wa á là, a ó máa yáná, ṣùgbọ́n tòmátì fẹ́ràn rẹ̀. Ewé rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ á so jìngbìnnì. A ó jẹ, a ó tà, a ó sá ìyókù sórí ẹní.

Nígbà tó yá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, ó sì ń tètè lọ. Bí òrí bá ṣe wí ni mo ń ṣe. Èso ń dín kù, irúgbìn náà ń dín kù, títí ó fi ku àjákù aṣọ kan ṣoṣo. Lọ́dún yẹn, àìpẹ́ yìí ni, mo ki ìka bọ igbá, ó le gbagidi. Inú mi dùn pé ọyẹ́ tètè dé. Òógùn ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń fọ́n hóró, n kò sì bi ara mi léèrè pé irú ọyẹ́ wo nìyí.

Ẹ wá wo ewé! Tòmátì ga dé àyà mi, ó dúdú minimini. Ó yọ òdòdó, ooru mú un, gbogbo rẹ̀ ń rẹ̀ dànù. Bàbá kan, ọmọ ẹ̀yà Zarma, tó ń ro ebè ẹ̀gbẹ́ tèmi dúró, ó wò ó títí. Ó ní, "Ìyá Yorùbá, ṣé ewé lo fẹ́ sè ni? Ewúrẹ́ mi wà nílé o." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń ka òdòdó tó ti jábọ́. Irúgbìn ìyá mi ti tán sínú ilẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, òun náà tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀, ló là mí lọ́yẹ. Wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé. Ó ní, "Ìyá àgbà, nínú èéfín ọkọ̀ àti ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ kan wà tí ojú kò rí. Ewé ń jẹ ẹ́, ló ṣe ń ga. Àmọ́ ohun kan náà ló bo ayé bí kúbùsù, tí ooru kò fi ráyè jáde. Ooru yẹn ni kò jẹ́ kí òdòdó di èso."

Mo ní, "Ó dáa, ṣebí òrí dì?"

Ọmọ ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Àṣé òun ló gbé igbá wọ yàrá bàbá rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kí òrí tó ti yọ́ má baà dànù, tó sì gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó jí. Òrí kò purọ́. Ọyẹ́ inú yàrá ló rí. Ìwọ akọ̀wé mi, má fo ibẹ̀ yẹn o, kọ ọ́.

A ta ẹní bí àtíbàbà bo ebè, àwa méjèèjì ń pọn omi odò ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ gidi dé, òdòdó díẹ̀ tó kù dúró. Tòmátì méje la rí. A kò jẹ ọ̀kankan. Gbogbo hóró rẹ̀ wà lórí aṣọ báyìí, alhamdulillahi.

Ayé ti yí. Ojú ọjọ́ tí ìyá mi mọ̀ kọ́ ni mo bá, èyí tí mo mọ̀ kọ́ sì ni ẹ̀yin yóò bá. Igbá kì í kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Láàárọ̀ yìí, kí n tó dìde, ọmọ yìí ti lọ ki ìka bọ̀ ọ́.

Ó ní, "Ó ṣì rọ̀, Ìyá àgbà. Ẹ jókòó."

Mo jókòó.