Páálí Tí Bàbá Mi Gbàdúrà Lé Lórí

Mi ò fẹ́ràn àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Ọmọ ìyá mi ni, ẹ̀yìn mi ló sùn dàgbà, ṣùgbọ́n tí mo bá ti rántí páálí yẹn, inú mi á máa hó bí ẹ̀kọ orí iná.

Páálí wo? Páálí ohun ìṣeré. Bíríkì kéékèèké oníke tí àwọn ọmọ òyìnbó ń tò lé ara wọn, tí wọ́n fi ń kọ́lé láìlo sìmẹ́ńtì. Ẹ rò pé ọmọdé ló ń rà á? Àgbàlagbà onírùngbọ̀n ló ń kó o jọ. Àbúrò mi tó ń gbé ní Faransé wà lára wọn: á rà á, á tọ́jú rẹ̀, á tà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí mò ń sọ yìí, bùtíìkì kan ṣoṣo ní Pàrí ló tà á, wọn ò sì ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Òfin rẹ̀ ni pé ìlẹ̀mọ́ ẹnu páálí kò gbọdọ̀ já. Tó bá já pẹ́nrẹ́n, àwọn tó ń kó o jọ ò ní fojú kàn án mọ́. Àgbàlagbà ra ohun ìṣeré, kò sì gbọdọ̀ fi ṣeré. Ṣé orí wọn pé ṣá?

Nílé wa nísàlẹ̀ òkè ní Ìdáàṣà, iwájú Bàbá ni ẹni tó ti ìrìn àjò dé ń gbé ẹrù kalẹ̀ sí. Bàbá á da omi tútù sílẹ̀ díẹ̀, á ṣe àmì àgbélébùú tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú nínú àwọn tó ń gbọ́ lókè. Á wá gbé ọwọ́ lé ohun tó bá wà lókè ẹrù, á gbàdúrà. Ohun tó gbé ọwọ́ lé tí onírìn-àjò sì ṣe "Àmín" sí, ti Bàbá nìyẹn. Àbúrò mi mọ èyí kó tó mọ̀wé.

Lọ́jọ́ tó dé, ó gbé báàgì rẹ̀ síwájú Bàbá, ó gbé páálí lé e lórí kó má baà tẹ̀. Àwòrán ilé alájà kan wà lára páálí náà, ilé pupa, fèrèsé rẹpẹtẹ. Bíríkìlà ni Bàbá mi. Láti Lèma dé Soclogbo, kò sí abúlé tí kò mọ ògiri kan níbẹ̀. Ó wo àwòrán yẹn títí, omi lé sí i lójú.

"Ọmọ mi rántí iṣẹ́ ọwọ́ mi," ló sọ.

Ló bá gbọ́wọ́ lé e. Ó gbàdúrà fún ọ̀nà, fún iṣẹ́, fún ìyàwó tí kò tíì rí, fún ọmọ tí kò tíì bí. Àbúrò mi ń ṣe "Àmín" fatafata bí ẹni tí wọ́n sanwó fún.

Nígbà tó ń padà lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí Bàbá tú páálí yẹn o. Mo ti rí ẹnì kan ní Kútọnu tó máa rà á tí mo bá tún dé. Atẹ́gùn òkun Kútọnu á bà á jẹ́, ibí yìí gbẹ, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Ṣé o gbọ́ àdúrà?"

"Mo gbọ́."

"O ṣe Àmín?"

"Ẹ̀gbọ́n, Àmín lásán mà ni."

Àmín lásán! Mo ní kó padà wọlé, kó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Bàbá. Ó wo tẹlifóònù rẹ̀, ó ní òun ti pẹ́, ó wọ mọ́tò. Èmi ò jẹ́ jíṣẹ́ burúkú bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní tó bá tún dé, ojú á tì í. Ẹni tí kò ní ojú, kí ló fẹ́ tì í?

Bàbá ò tú u. Kì í ṣe pé kò wù ú. Nílé wa, a kì í tú ọrẹ lẹ́yìn olóore. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó. Àlejò kan ò lè mumi kó má ṣí aṣọ yẹn fún un. Á máa bá àwòrán jà: ta ló gbé fèrèsé síbẹ̀ yẹn, òrùlé yìí á jò. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ọmọ yìí ò ru yẹ̀pẹ̀ fún mi rí. Lọ́jọ́ tó bá dé, òun á máa gbé bíríkì fún mi, èmi á máa tò ó." Á wá rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń retí nìyẹn, kò retí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni àbúrò mi padà dé, pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Kútọnu tí kò jókòó, tí kò gba omi tí mo gbé fún un. Bàbá ò tiẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́, ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Ẹni tí mò ń retí dé o!" Ó gbé páálí sọ̀ kalẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ lápò, àbúrò mi ò tíì kí i tán tó fi ya ìlẹ̀mọ́ náà.

"Papa, non!"

Ó já páálí gbà lọ́wọ́ Bàbá tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá arúgbó fi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó di ògiri mú. Oníbàárà wo ibi tó ya, ó pòṣé, ó padà sínú mọ́tò.

"Ẹ ti bà á jẹ́! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án? Kì í ṣe tiyín!"

"Kì í ṣe tèmi?" Bàbá wo èmi, ó wo àbúrò mi. "Àdúrà tí mo gbà ńkọ́?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo pe àbúrò mi ní aláìlójútì, mo pè é ní ẹlẹ́nu méjì, mo ní ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́n ń dùn mí. Ó ju páálí sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Bàbá. Ó ní kí wọ́n kúkú máa mú un, pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó jáde. Bàbá nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó pa á dé, ó fi sápò.

Páálí yẹn ṣì wà ní igun pálọ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ, èmi á gbé bíríkì fún yín." Ó ní rárá, ẹrù ẹlẹ́rù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ fún àwọn àlejò, kì í sì bá àwòrán jà mọ́.

Nígbà ọdún tuntun, àbúrò mi pè. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè kí Bàbá lè gbọ́. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà fún mi."

Bàbá ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Èmi ló sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún, kì í ṣe àbúrò mi.

"Sọ fún un pé mo ti gba àdúrà náà. Inú páálí ló wà. Kó wá gbé e."